Àyè Ẹyẹ Lára Ògiri

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Ìgbà tí ìlara bá dé la sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ayàwòrán gan-an ló kàn.

Ẹ wo ògiri àwọn jẹ́lé-ó-sinmi l'Ékòó, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá. Òdòdó pupa, òdòdó àlùkò, ewé lórí ewé, títí ẹyẹ fi há sáàárín wọn bí èrò inú dánfó. Ẹ̀bi ayàwòrán nìkan kọ́ o. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ló ń fẹ́ kí ògiri kún, kówó òun má bàa ṣòfò.

Bó bá jẹ́ ẹyẹ olórin la fẹ́ fi han ọmọdé, ìbákà ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìbákà ara ògiri ló ní àgógó gígùn tó tẹ̀ kọ́rọ́, bíi ti ẹyẹ tó ń fa omi òdòdó mu. Hóró koríko ni ìbákà ń jẹ. Àgógó rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Ìlà dúdú wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìlà yẹ́lò wà lókè ojú, ikùn náà sì jẹ́ yẹ́lò. Ẹni tí kò bá wo èyí, orúkọ ẹyẹ ló yà.

Òdòdó wá ńkọ́? Òyìnbó ní ìgbà ìrúwé. Ní tiwa, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé á tanná funfun, á sì máa ta sánsán kárí àdúgbò. Ọ̀dà ò lè ta sánsán, nítorí náà ya oyin kan tì í; ojú á bá imú gbọ́ ọ.

Ọba Huizong ilẹ̀ Ṣáínà, tó gorí oyè ní 1100, ya ẹyẹ àti òdòdó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ lọ ṣe ní Ṣáínà, nígbà tí àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ wà l'Abẹ́òkúta? Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fi ya ẹyẹ, ẹ̀kọ láfún sì ni wọ́n ń tì í bọ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, ẹlú ò ní mu ún. Ibi tí aró ò dé yẹn ló ń di ẹyẹ. Wọ́n sábà máa ń pín aṣọ sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó ya ohunkóhun, kí nǹkan kan má baà gorí èkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ayàwòrán ṣe: ẹyẹ ni kó kọ́kọ́ dé ara ògiri, kí ẹ̀ka tẹ̀ lé e, kí òdòdó dé kẹ́yìn, kó má sì pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìwé n'Ígándò àti Ìkòtún, ẹ má fi iye òdòdó díwọ̀n owó iṣẹ́. Ẹ bi ayàwòrán yín bóyá ó ti rí ìbákà rí.