Òǹṣọ́ tí Orun Gbé Lọ

Ní Ìlọrin níhìn-ín, nígbà tí ààwẹ̀ Rámádánì bá ń lọ sí òpin, tàgbà tèwe àwọn Mùsùlùmí a máa gbójú sókè sí ìwọ̀-oòrùn láti wá oṣù tuntun. Àwa Kristẹni tí a jọ ń gbé a sì máa bá wọn wò ó. Bí a kò bá rí i ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wa mọ̀ pé ààwẹ̀ náà kì yóò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Irú ìṣọ́nà yìí kò nira, nítorí tí a mọ ibi tí yóò parí sí. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ẹni tí ń ṣọ́ ohun tí kò mọ ìgbà tí yóò dé? Bí orun bá sì gbé e lọ ní òru náà gan-an tí ohun náà dé, ṣé asán ni gbogbo ìṣọ́nà rẹ̀ já sí?

Ìràwọ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ ìràwọ̀ tí à ń pè ní Adé Àríwá. T Coronae Borealis ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Ìràwọ̀ méjì ni ó jọ ń gbé níbẹ̀: ọ̀kan tóbi, ó sì pupa, èkejì kéré, ó sì funfun. Èyí kékeré a máa fa ohun ara èyí ńlá sọ́dọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pọ̀ jù, tí yóò sì gbiná lójijì. Ojú lásán kì í rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbiná ní oṣù karùn-ún ọdún 1866, àti ní oṣù kejì ọdún 1946, ó mọ́lẹ̀ kedere fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún wọ òkùnkùn lọ.

Leslie Peltier, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ká èso lóko títí ó fi kó dọ́là 18 jọ, ó sì fi í ra awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run. Láti ọdún 1918 ni ó ti ń fi ìròyìn àwọn ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òǹwòràwọ̀ lóṣooṣù. Ó ṣọ́ ìràwọ̀ yìí fún nǹkan bí ọdún 25, kò sì rí ohunkóhun. Ní òru kan ní oṣù kejì ọdún 1946, ó jí láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé ọ̀fìnkìn fẹ́ mú un, ó sì padà sórí ibùsùn. Òru náà ni ìràwọ̀ náà gbiná. Ọmọkùnrin ọdún 15 kan ní Wales, tí ó yọjú lójú fèrèsé, ni ó rí i.

Ẹlòmíràn yóò wí pé làálàá rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹlòmíràn yóò wí pé kò burú, nítorí pé ìṣọ́nà fúnra rẹ̀ ni èrè. Àwa kò gba ti ẹni ìṣáájú, a kò sì lè gba ti ẹni ìkẹyìn tán, nítorí Peltier fúnra rẹ̀ kẹ́dùn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú òwe Olúwa wa. Kì í ṣe àwọn òmùgọ̀ nìkan ni orun gbé lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá sùn. Òróró tí wọ́n ti tọ́jú kí orun tó dé ni ó fi ìyàtọ̀ sí wọn. Òróró ti Peltier ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìràwọ̀ náà kọ́kọ́ ṣókùnkùn díẹ̀ ní ọdún 1945 kí ó tó gbiná. Nígbà tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa retí. Àwọn òru tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ ni ó di fìtílà fún àwọn ìran ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ń kọ́ ọmọ kan ní ohun kan náà lójoojúmọ́, ó sì dàbí ẹni pé kò gbọ́. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò là, bóyá iwájú olùkọ́ mìíràn ni yóò wà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ iṣẹ́ nù. Peltier kò sọ tirẹ̀ nù. Ó ń ṣọ́nà títí ó fi kú ní ọdún 1980. Òǹṣọ́ lè sùn. Kí ó ṣáà ti rọ òróró sínú fìtílà kí ó tó sùn.