Ikú Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Pinnu

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí ọlọ́mọ la ṣe fi í ṣe èèwọ̀, kí ojú tàbí ẹnu ẹlòmíràn má baà kó bá ohun tó fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú sí ọwọ́ ọlọ́mọ gan-an ńkọ́? Ta ló kù tí a ó bọ̀wọ̀ fún? Lójú tèmi, ìlú ti di ọlọ́mọ nìyẹn, kíkà sì ti di dandan fún un.

Ọdọọdún ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ka àwọn ọmọ tí ìyà tàbí àìbìkítà àgbà pa. Ti ọdún ìṣúná 2022, wọ́n fojú bù ú sí 1,990. Kí ló dé tó fi jẹ́ fífojú bù? Òkú kì í ṣí kiri. Ó yẹ kó rọrùn láti kà ju alààyè lọ. Àmọ́ ìdí ikú ni wọ́n ń kà, ìdí ikú kò sì sí lára òkú nìkan. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó, kó wo ẹ̀rí, kó pinnu. Ìkókó tí wọ́n bá lókùú láàárọ̀ lórí ibùsùn ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ìjàǹbá ní ìpínlẹ̀ kan, kó jẹ́ àìbìkítà ní òmíràn, torí òfin kálukú yàtọ̀. Ọdún tí wọ́n pinnu ni wọ́n sì sábà máa ń kà á sí, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó kú ní 2020 lè wọ iye ti 2022.

Ní 2016, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ sọ pé ọmọ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló ń kú irú ikú bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. Àlàfo àárín mẹ́rin àti mẹ́jọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́dún, ó ju 1,400 ọmọ lọ. Wọ́n ti kú, ilẹ̀ ti bò wọ́n, síbẹ̀ ìwà ìkà tó pa wọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú ìlú, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu sọ ọ́. Iye àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan sún mọ́ ìdajì gbogbo àwọn tí wọ́n kà. Wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọn kò ní olùkọ́ tí yóò rí ojú ọgbẹ́ lára wọn.

Láti 1978 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó dókítà, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ jókòó pọ̀ ní Los Angeles láti yẹ irú ikú bẹ́ẹ̀ wò, kí ohun tí ọ̀kan mọ̀ lè hàn sí èkejì. Ìyẹn dára. Ìkéde síta ló kù. Òfin àpapọ̀ ní kí ìpínlẹ̀ máa ṣí àbọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀ fún aráyé, ṣùgbọ́n ohun táwọn kan ń fi síta kéré jọjọ, wọ́n ní àwọn ń pa àṣírí mọ́. Mo gbà pé orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ṣì wà láàyè kò gbọdọ̀ hàn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti kan ilẹ̀kùn ilé ọmọ náà kí ikú tó dé? Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n pa fáìlì rẹ̀ dé? Iṣẹ́ ìjọba ni èyí, owó orí ará ìlú ni wọ́n fi ṣe é, ará ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti ka àbọ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn.