Lórí Ìbọn Àtijọ́ àti Ẹni tí Ń Rọ Ọta Rẹ̀

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe atọ́nà nínú ọ̀ràn kan tí ó ń bẹ láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà títí di òní. Ní ilẹ̀ náà, àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ wà, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, tí wọ́n ń fi owó ra ẹ̀dà ìbọn ayé àtijọ́, tí wọ́n sì ń jókòó láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọta rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ohun tí a dá fún pípa ṣe ohun ìnàjú? Bí ó bá tọ́, kí ni onítọ̀hún jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ní gbèsè?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Ní ọdún 1860 ni Benjamin Tyler Henry, ní ilẹ̀ Connecticut, gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn kan tí ó ń gba ọta 16 sínú ọ̀pá gígùn tí ń bẹ lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Irin kan wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí a ń fi ọwọ́ dì mú. Bí a bá tì í síwájú tí a sì fà á padà, èyí tí a ti yìn yóò fò jáde, òmíràn yóò sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní 1873, ilé iṣẹ́ Winchester gbé ọ̀kan jáde ní irú rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ojúlówó wọn ti ṣọ̀wọ́n, owó wọn sì ga. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ Uberti ní Ítálì, tí a dá sílẹ̀ ní 1959, ṣe ń rọ ẹ̀dà wọn.

Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di kátíríìjì ìbọn wọ̀nyí: ago idẹ kékeré, ìṣáná tí ń bẹ ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù nínú rẹ̀, àti ọta òjé ní ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá yin ìbọn, ago idẹ ṣì kù. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà a ṣà á, a fọ̀ ọ́, a tún ìrísí rẹ̀ ṣe, a fi ìṣáná titun sí i, a wọn ẹ̀tù, a sì fi òjé tí ó ti yọ́ lórí iná, tí ó sì ti dà sínú irin tí a gbẹ́, dí ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Nínú ọ̀pá ìbọn yìí, orí ọta kan a máa kan ìdí èkejì. Bí orí rẹ̀ bá mú ṣóńṣó, ó lè gún ìṣáná èyí tí ó wà níwájú, kí ó sì bú gbàmù. Nítorí èyí ni a ṣe ń ṣe orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ̀tù òde òní pẹ̀lú kì í sábà kún ago; bí ọkàn ẹni bá ṣí kúrò díẹ̀, ó lè wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀kan, kí ìbọn sì fọ́ mọ́ ọn lójú. Kò sí ọ̀gá tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ni olùbẹ̀wò.

Àwọn kan yóò wí pé ohun àtijọ́ ni, kí ni ó lè ṣe? Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, nítorí ó ya ìbọn tí a rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ tí a rọ lónìí, tí ó ń lo kátíríìjì tí ń bẹ lọ́jà, kò rí ojú rere bẹ́ẹ̀. Ìbọn méjì jọra bí ìbejì, wọ́n ń yin ọta kan náà, ọjọ́ ìbí nìkan ni ó yà wọ́n. A kò bá òfin jà. Òfin kò lè ṣàì fa ìlà síbì kan. Ṣùgbọ́n ara tí ọta bá kò mọ ọdún tí a rọ ìbọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1876, lẹ́bàá odò Little Bighorn, àwọn Lakota àti Cheyenne ṣẹ́gun Custer. Ìbọn tí ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni ìjọba fi fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní 1984, lẹ́yìn ọdún 108, àwọn onímọ̀ wa ilẹ̀ náà, wọ́n rí ago idẹ ìbọn Henry àti ti Winchester níbi tí àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn dúró sí. Àpá ìdí wọn sì fi èyí tí ó ti inú ìbọn kan náà jáde hàn. Ènìyàn ti kú tán, idẹ ń jẹ́rìí. Kí àwa náà má sì rò pé ọ̀ràn ará òkèèrè nìkan ni èyí. Ní 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ogun tí a fi ìró ìbọn sọ lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó sì fi ìbọn titun, tí a ń ki láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìran kan náà ni wọ́n pẹ̀lú èyí tí a ń pè ní ohun àtijọ́ lónìí.

Kí wá ni ìdáhùn wa? A kò rò pé níní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Mímọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ẹni dára, alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ rọ ọ́, oníṣòwò tà á, ẹlòmíràn lò ó. Bí ibi bá ti inú rẹ̀ wá, olúkúlùkù a máa na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ọta ara rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ, òun ni oníṣòwò, òun náà ni ayinbọn. Kò sí ẹni tí yóò na ìka sí. Nítorí náà, a gbà pé òótọ́ inú wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ẹni tí ó ra tirẹ̀ lọ́jà láìronú, bí ó bá gbà láti ru ẹrù náà tán.

Rírù ú tán ni pé kí ó ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí ó sì fi ẹ̀tù sí ibòmíràn tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú òjé, nítorí májèlé ni, kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìbínú tàbí àárẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Kí ó má sì ṣe fi ikú àwọn tí irú ìbọn rẹ̀ pa ṣe àwàdà. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó. Bẹ́ẹ̀ ni ọta. Kí ẹni tí ń rọ ọ́ máa rántí pé ibi tí ọwọ́ òun pin sí kọ́ ni iṣẹ́ òun pin sí.