ÌSINMI NÍ ÀKÓKÒ ÌTULẸ̀ ÀTI ÌKÓRÈ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ará ní Bessé, ilẹ̀ Ṣábẹ̀. Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 34:21, Ìwé Kìn-ín-ní Àwọn Ọba 19:1–8, Máàkù 4:26–29.

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lónìí kò ṣòro láti yéni, ṣíṣe rẹ̀ ni ó nira.

Gbogbo wa ni a mọ òfin ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pàápàá lè kà á lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa tún òfin náà sọ fún Mósè lórí òkè, Ó fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà kọjá. Ó dárúkọ àkókò méjì: àkókò tí a ń tu ilẹ̀, àti àkókò tí a ń kórè. Ó ní nínú àkókò méjèèjì yìí pàápàá, kí a sinmi ní ọjọ́ keje.

Kí ló dé tí Ó fi dárúkọ méjì yìí? Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kò nílò àṣẹ kí ó tó jókòó. Àkókò ìtulẹ̀ àti àkókò ìkórè ni àgbẹ̀ máa ń ní àwáwí, àwáwí náà a sì dùn létí. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ní kí a sinmi nígbà tí iṣẹ́ bá tán ni, gbogbo wa ni ìbá gba òfin náà tayọ̀tayọ̀, kò sì sí ẹnì kan tí ìbá sinmi láéláé, nítorí iṣẹ́ oko kì í tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Bessé tiwa níhìn-ín. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín odò Ouémé àti odò Ọ̀kpárà yìí kì í jẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀. A kọ ebè iṣu, a gbin àgbàdo, a ro oko ẹ̀gẹ́, òwú ń retí kí a wá já òun, bí ìyẹn bá sì ń parí lọ, kajú ti ń tanná. Nígbà tí oṣù kejì ọdún bá wọlé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ilé á dá páropáro. Bàbá lọ, ìyá lọ, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà níwájú olùkọ́ náà lọ. Àwọn kan wà nínú wa tí a kì í rí mọ́ ní ilé ìjọsìn títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa. Àwọn tí ó bá sì wá, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ti ń sùn. A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Owó ilé-ìwé, owó oògùn, páànù tí a fẹ́ fi bo ilé, inú kajú yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. A mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ ọ́ bí àgbẹ̀ sí àgbẹ̀. Kajú tí ó bọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tí òjò kò pa, ṣé yóò ti bàjẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè? Kò ní bàjẹ́. Nígbà tí a bá tilẹ̀ ti yọ kóró rẹ̀ kúrò lára èso, a ṣì ní láti sá a sóòrùn fún ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dì í sínú àpò. Kajú fúnra rẹ̀ kò kánjú. Kí ni ó wá ń lé wa? Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù olè, ẹ̀rù iná igbó, ẹ̀rù òjò àkọ́rọ̀, ẹ̀rù kí iye owó má baà já wálẹ̀ kí Mọ́ńdè tó pé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀rù iye owó yìí tún ní ojú mìíràn.

A kò ní tàn yín pé kò sí olè, a kò sì ní sọ pé iná igbó kì í jó lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣọ́ oko yàtọ̀ sí kíkó èso. Ilé mẹ́rin tí oko wọn fara kan ara wọn lè yan ẹnì kan tí yóò bá wọn yí oko ká lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, kí ẹlòmíràn ṣe é ní ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹnì kan ni yóò pàdánù ìsìn, kì í ṣe ogún ènìyàn. Èyí kò ju agbára wa lọ.

Jésù Olúwa wa mọ àgbẹ̀ dáadáa. Nínú Máàkù orí kẹrin Ó pa òwe ọkùnrin kan tí ó fún irúgbìn sí ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ó fún un tán, kí ni Jésù sọ pé ó ṣe? Ó lọ sùn! Ó ń sùn, ó ń jí, irúgbìn ń hù, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu, ṣé ẹ ti rí iṣu tí ó tètè ta nítorí pé olóko kò sùn rí? Abẹ́ ilẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lóru, kò sì bẹ̀ wá kí a gbé fìtílà wá bá Òun.

Kí Ìhìnrere tó dé, àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí a kì í lọ sóko. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. A kò fi èyí pè yín padà sí ìdí òrìṣà o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ Krístì bá lè fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí òrìṣà rẹ̀, kí ni àwa yóò sọ?

Ó ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ka Diutarónómì 5:14 àti Ẹ́kísódù 23:12. Olúwa ka àwọn tí ó gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́sẹẹsẹ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́, akọ màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti àlejò. Ìdí tí Ó fún wa ni pé kí àwọn wọ̀nyí lè rí ìtura. Ní èdè Hébérù tí a fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà jọ mọ́ mímí èémí. Àwa náà a máa sọ fún ẹni tí ń lé wa kiri pé, "Ẹ jẹ́ kí n mí!"

Ẹ ó rí i pé a kò dárúkọ ìyàwó níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọkọ kan ní Bessé ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́. Àbí báwo ni a ṣe fẹ́ sọ ọ́? Òfin náà ń bá onílé sọ̀rọ̀, onílé sì ni ìyá bí bàbá ti jẹ́ onílé. Síbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ti di ọjọ́ tí ọkùnrin ń sinmi, tí obìnrin sì ń pààrọ̀ iṣẹ́ kan sí òmíràn. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti jí. Ó pọn omi, ó gbálẹ̀, ó wẹ àwọn ọmọ, ó dáná, ó wá sí ìjọsìn ní ẹsẹ̀ lásán bí gbogbo wa, ó kọrin, ó jó. Bí a bá túká, àlejò ti dé sílé, iyán gbọ́dọ̀ délẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí ọjà ọ̀la. Aṣọ funfun tí ọkọ wọ̀ wá síwájú pẹpẹ, tí ó ń dán yìí, ọwọ́ ta ni ó fọ̀ ọ́, nígbà wo ni ó sì fọ̀ ọ́? A fẹ́ kí ẹ̀yin bàbá dáhùn ìbéèrè yẹn nílé, kì í ṣe níhìn-ín.

Ní ti àlejò, ẹ̀yin náà mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àwọn ọmọ Àtàkórà tí wọ́n ń ti òkè wá ṣe àgbàṣe ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀, tí wọ́n ń kọ ebè fún wa. Bí àwa bá wà nínú ilé ìjọsìn tí a ń kọrin, tí ẹni tí a háyà sì wà lábẹ́ oòrùn lóko wa ní wákàtí kan náà nítorí pé a ní kí ó parí rẹ̀ kí ó tó gbowó, a kò tíì pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́. A kàn rí ẹni gbé e rù ni.

Ẹ wá wo Èlíjà. Ó ti gbàdúrà ní òkè Kámẹ́lì, iná sọ̀kalẹ̀. Ó sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù. Ó tún sá fún Jésíbẹ́lì títí dé Bíá-ṣébà, ó wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, ó jókòó lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹ dákun, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé ìjọsìn wa lónìí, kí ni a ó sọ fún un? Aríran kan á ní àwọn ará ilé baba rẹ̀ ló ń bá a jà. Òmíràn á ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí ó sì wá sùn nínú ilé ìjọsìn. Ẹlòmíràn á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yìn.

Áńgẹ́lì Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó wá bá Èlíjà, kò sì sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun. Àkàrà tí a yan lórí ẹyin iná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì kò bá a wí pé ó tún sùn. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó tún jí i, ó tún fún un ní oúnjẹ, ó ní nítorí ọ̀nà jìn. Lẹ́yìn èyí ni ó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ sì ni ohùn jẹ́jẹ́ ti dé sí i. Oúnjẹ àti oorun ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́ẹ̀mejì, kí iṣẹ́ tó dé.

A kò sọ pé kò sí ogun ẹ̀mí. A gbàgbọ́ pé ó wà, a sì ń jà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ọ̀tá rán sí ènìyàn. Ẹ̀yin wòlíì àti ẹ̀yin aríran wa, a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: bí arábìnrin kan bá wá bá yín tí orí ń fọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń já, tí ó ní òun kò mọ ohun tí ń ṣe òun, ẹ kọ́kọ́ bi í ìgbà tí ó sùn kẹ́yìn. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ bi í bóyá ó ti dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ sílé.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìṣọ́ òru. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa, nítorí Olúwa wa náà gbàdúrà mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Pọ́ọ̀lù wàásù títí di ọ̀gànjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yútíkù jókòó lójú fèrèsé, oorun gbé e lọ, ó ṣubú láti àjà kẹta, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀mí òkùnkùn ni ó gbé oorun wá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó gbá a mọ́ra, ọmọ náà yè. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹun. Àpọ́sítélì ni ó ń wàásù o, oorun sì gbé ènìyàn lọ! Ẹni tí ó ti ṣa kajú láti àárọ̀ kùtù, tí ó rin ọ̀nà oko padà tòun ti ẹrù lórí, bí ó bá tòògbé nígbà tí a ń ka Sáàmù ní agogo méjì òru, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀pá gbá a lórí.

Ọ̀lẹ kò ní ìpín nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó ń ta ayò láti Mọ́ńdè dé Sátidé, kí ni ó fẹ́ sinmi lé lórí? Ẹni tí ó sì ń wo fídíò lórí fóònù títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kò sinmi, ojú rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí lé e lórí.

Ìsinmi tí à ń wí ní adùn tirẹ̀. Bóásì wà ní àárín ìkórè ọkà bálì nígbà tí ó pe Rúùtù sí oúnjẹ, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní ọkà yíyan, ó jẹ, ó yó, ó sì ṣẹ́kù. Olúwa tí ó jíǹde, ẹja ni Ó ń sun létí òkun fún àwọn tí wọ́n fi gbogbo òru ṣiṣẹ́. Ó lè ṣe iṣẹ́ ìyanu mìíràn láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Ó dáná. Àwa náà ní irú rẹ̀. Iṣu sísun nínú ahéré pẹ̀lú epo pupa. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti lọ sẹ́yìn àwọn òkè Ṣábẹ̀. Ọmọ tí ó gbé orí lé ẹsẹ̀ wa tí ó ń ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé, tí a sì ń dáhùn "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" láìgbọ́, nítorí pé a ń ka àpò kajú lọ́kàn. Ọdún mélòó ni ọmọ náà yóò fi máa gbé orí rẹ̀ síbẹ̀?

Nítorí náà, láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì títí kajú yóò fi tán, báyìí ni a bẹ̀ yín kí a ṣe é. Ìṣọ́ òru yóò máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ó sì túká ní agogo méjìlá. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kò ní kọjá agogo kan ọ̀sán. Bí Ísírẹ́lì ti ń kó mánà ìlọ́po méjì tí wọ́n sì ń sè é ní ọjọ́ kẹfà, kí a se oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èyí tí yóò ṣeé jẹ ní tútù tàbí ní gbígbóná díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ ni yóò máa pọn omi ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn arúgbó àti àwọn aboyún ní alẹ́ Sátidé kan náà. Ẹni tí ó bá háyà àgbàṣe, kí ó sọ fún un ṣáájú pé kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó sì fún un ní oúnjẹ. Ọmọkùnrin tí ó bá sì ti pé ọdún méjìlá, kí ó máa fọ aṣọ funfun tirẹ̀ fúnra rẹ̀.