Páìpù Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Ẹni Tó Rà Á Mọ́ Lọ́wọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ páìpù irin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń gbé Hilux tàbí Land Rover ra àgbàdo ní Saminaka, tó sì ń gba inú oko kọjá nígbà òjò, mọ ohun tí kùkùté igi máa ń fi ojú mọ́tò rí. Bọ́ńpà tí mọ́tò bá wá láti ilé kì í pẹ́ fọ́. Ìdí nìyí tí a fi máa ń lọ bá àwọn wẹ́dà ní Panteka, ní Kaduna níbí, kí wọ́n fi páìpù jó òmíràn fún wa. Owó iṣẹ́ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Owó irin ni wàhálà. Níbi tí a ti ń wá irin tí owó rẹ̀ kò ní ga ni ìdánwò wà.

Kí a tó wí fún ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wí ti ara wa. Nígbà òjò kan, ọmọkùnrin kan gbé páìpù mẹ́rin wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni ó pè é. A kò béèrè ibi tí ó ti rí i, a kò sì béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wẹ́dà wa ń ha ìpẹtà kúrò lára irin náà, ọ̀dà funfun àti dúdú yọ lábẹ́ rẹ̀, ìlà ìlà. Ó wò wá, a wò ó. Kò sọ̀rọ̀, àwa náà kò sọ̀rọ̀. Ó jó o tán, a fi ọ̀dà dúdú bò ó, ó dára lójú.

Oṣù kan kọjá. A ń kó àwọn ọmọ ilé kéwú wa kọjá lórí afárá kékeré kan lẹ́yìn òjò ńlá. Omi ti kún dé ẹnu. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ di ẹ̀wù wa mú, ó ní, "Àfáà, ta ló kó irin tí a máa ń dì mú níbí?" A wo ẹ̀gbẹ́ afárá náà. Kùkùté irin ni ó kù, wọ́n ti fi ayùn gé e. Ọ̀dà tó wà lára kùkùté náà, funfun àti dúdú ni.

Ẹ̀yin ará, a kọ́ ọmọ náà ní Fátíhà. A kò lè dá a lóhùn ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ń pa òwe yìí fún ọmọ, ṣùgbọ́n bí a bá dé ọjà, a máa ń ní àwíjàre mẹ́ta. Èkínní ni pé, "Èmi kò jí i, owó ni mo fi rà á." Òtítọ́ ni pé a sanwó. Ṣùgbọ́n ta ni a sanwó fún? Ẹni tó ni irin kò gba kọ́bọ̀. Owó tí a san fún ẹni tí kò ni nǹkan kì í sọ nǹkan náà di tiwa. Èkejì ni pé, "Bí n kò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, wọn kò ní bi wá léèrè ohun tí ẹlòmíràn rà. Ẹ̀kẹta ló le jù: "N kò mọ̀." Ẹni tí kò mọ̀ wà, ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ sì wà. Àwa kò béèrè nítorí pé a ti fura ohun tí ìdáhùn yóò jẹ́. Ẹni tó di etí ara rẹ̀ kò lè ní òun kò gbọ́.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé gbogbo ẹni tó ń ta àlòkù irin ni olè. Àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan gwangwan ń jẹ oúnjẹ òógùn wọn, wọ́n sì ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ fún wa. Súrátù Hújúráátì kìlọ̀ fún wa nípa àbá búburú sí ọmọnìkejì ẹni. Níbo wá ni ààlà wà? Lójú tiwa, ààlà náà ni ìbéèrè. Bí o bá lè béèrè ibi tí irin ti wá níwájú gbogbo ènìyàn, tí olùtà sì dáhùn láìkánjú, ra ọjà rẹ. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti béèrè, ọkàn rẹ ti dáhùn fún ọ.

Àwọn tí ń jó irin àti àwọn tí ń tà á náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Súrátù Sabà sọ fún wa pé Ọlọ́hun sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáwúdà, Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó rọ ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn ìsopọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ kíyè sí i pé wíwọ̀n wà nínú àṣẹ náà. Ẹ̀wù ogun tí kò nípọn ju pépà lọ yóò pa ẹni tó gbọ́kàn lé e. Bákan náà ni bọ́ńpà. Páìpù oní-ínṣì méjì tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3 àti èyí tí kò ju mílímítà 1.5 lọ, bákan náà ni wọ́n rí lójú bí a bá ti kùn wọ́n lọ́dà. Ẹni tó bá ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní owó kíkí ti fi ọkà gbígbẹ bo ọkà tútù. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Ànábì wa sọ fún ọlọ́kà náà lọ́jà nígbà tí ó ki ọwọ́ bọ òkìtì rẹ̀.

Àdínkù owó tó jẹ́ hàláálì wà. Irin tuntun sábà máa ń gùn tó mítà 6, bọ́ńpà kan kì í sì í lò ó tán. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta pa owó pọ̀ rà á, kí wọ́n pín in. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe géètì àti táńkì, ẹ ra àjẹkù irin wọn. Ẹ bá kọntirákítọ̀ tó bá fẹ́ ta páìpù àtẹ̀gùn ìkọ́lé rẹ̀, kí ó sì kọ rìsíìtì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé páìpù sórí òṣùwọ̀n. Oní-ínṣì méjì tó nípọn tó mílímítà 3, tó gùn ní mítà 6, yóò wọ̀n tó kílò 25. Bí ó bá jẹ́ kílò 13, ìdajì irin ni wọ́n tà fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò, kí wẹ́dà ha síńkì náà kúrò kí ó tó jó o, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára.

Ní tiwa, a tú bọ́ńpà náà. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mai unguwa, a jẹ́wọ́. Ó bi wá pé ta ni ó tà á fún wa. A kò ní orúkọ tí a lè dá. A ra páìpù tuntun fún afárá náà, wẹ́dà wa sì jó o lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun náà rí ọ̀dà yẹn. Owó tó bá a lọ ju èyí tí a sá fún lọ́jà lọ. A kò sọ ọ́ kí ẹ lè yìn wá. Lára ohun tí ó ń mú tìúbà pé ni pé kí a dá ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn padà. Ní gbogbo oṣù tí afárá náà fi wà láìní irin, kò sí ọmọ tó bọ́ sómi. Àánú Ọlọ́hun ni, kì í ṣe ìwà rere wa.

Àwọn kan yóò ní kí a ṣọ́ra nítorí pé àlejò ni wá, kí wọ́n má baà fi orúkọ ẹnì kan bú gbogbo Yorùbá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò sí ẹni tí yóò bú wa, ọmọ tí yóò gba orí afárá kọjá wà níbẹ̀ náà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní hàláálì tí yóò tó wa, kí Ó sì fi bàrákà sí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa. Àmín. Wàsàláámù.