Ǹjẹ́ Ó Tọ́ kí Àlejò àti Onílé Máa Purọ́ fún Ara Wọn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé onílé gbọ́dọ̀ fi ìnira rẹ̀ pamọ́ títí àlejò yóò fi lọ. Àlejò pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: bí ebi bá ń pa á, yóò ní òun ti yó, bí ara rẹ̀ kò bá dá, yóò ní ara òun le. Báyìí ni àwọn méjèèjì yóò máa purọ́ fún ara wọn, tí a ó sì máa pe irọ́ náà ní ọ̀wọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́? Bí ó bá sì tọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ ní ibi gbogbo?

Ìrìn-àjò kan tí mo rìn ní oṣù Keje ọdún 2023 ni ó gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun àti aya rẹ̀ ra ọkọ̀-ilé, èyíinì ni ọkọ̀ ńlá tí a ṣe ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ sí inú rẹ̀, tí ènìyàn lè máa wà kiri kí ó sì máa gbé inú rẹ̀. Ní ìgbà ooru, wọn a máa wà á lọ sí orí àwọn òkè Rocky. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn gòkè. Mo gúnlẹ̀ sí Denver ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì a ti wà nínú Rocky Mountain National Park, ọgbà ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1915.

Ibùdó tí a dúró sí fi nǹkan bí 2,480 mítà ga ju ìpele omi òkun lọ. Chappal Waddi, òkè tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà, kò ju 2,419 mítà lọ; nítorí náà, ibi tí a tẹ́ ẹní sí ti ga ju ṣóńṣó orí òkè gbogbo ní ilẹ̀ wa. Kò sí omi tàbí iná tí a lè fà wọ inú ọkọ̀ níbẹ̀. Àgbá mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní: ọ̀kan fún omi mímọ́, èkejì fún omi tí a ti fi wẹ̀ tàbí tí a ti fi fọ àwo, ẹ̀kẹta fún ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́. Bí èkíní bá gbẹ tàbí bí èkejì bá kún, àfi kí wọ́n di gbogbo ẹrù, kí wọ́n sì wa ilé náà lọ sí ibi tí a ti ń da omi nù tí a sì ti ń rọ òmíràn.

N kò mọ gbogbo èyí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, aya ẹ̀gbọ́n mi ní, 'Ọkọ mi, ẹ wẹ̀ kí ó tẹ́ yín lọ́rùn, omi wà.' Mo sì wẹ̀ bí mo ti ń wẹ̀ ní ilé. Wọ́n fi ibùsùn tiwọn fún mi, àwọn méjèèjì sì sùn sí orí àga. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí á pààrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, 'Àbúrò, àga yìí gan-an ni ẹ̀yìn mi fẹ́.' Ẹ̀wà tí wọ́n sè nítorí mi kò tètè rọ̀, nítorí pé ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 92 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi ti ń hó. Gáàsì ń jó, alẹ́ ń lẹ́, síbẹ̀ 'kò sí wàhálà' ni wọ́n ń wí.

Ní ọjọ́ kejì, a gba ọ̀nà Trail Ridge, tí ó gun òkè dé 3,713 mítà. Igi kì í hù níbẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, 'Àbúrò, ara ńkọ́?' Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn pé, 'Ara le, ẹ̀gbọ́n mi.' N kò fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́.

Nígbà tí ó di òru, tí a ti padà sí ibùdó, èébì gbé mi. Mo táràrà lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo ṣí i, kò sí ẹ̀kán omi kan. Àgbá ti gbẹ. Irọ́ tiwọn àti irọ́ tèmi pàdé ní ìdí ẹ̀rọ omi yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tan iná ni mo tó mọ̀ pé ìdájí ni ó ti ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi láti ẹ̀rọ ìta, kí n má baà mọ̀ pé omi kò tó. Òun náà tó mọ̀ pé láti ọ̀sán ni àìsàn ibi gíga ti mú mi. Àìsàn yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré: bí ó bá le, omi lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí inú ọpọlọ, ó sì lè pani. Oògùn rẹ̀ tí ó dájú jùlọ ni kí á sọ̀ kalẹ̀. Ní òru yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wa ilé rẹ̀ gba ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ dé Loveland. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ti ń bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ: 'Ká ní o sọ fún mi ní ọ̀sán, ojúmọmọ ni à bá fi sọ̀ kalẹ̀.'

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Èkíní, ẹnìkan lè sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́ rárá, nítorí pé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí àlejò bá ní òun ti yó, onílé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò sì rọ̀ ọ́ títí yóò fi jẹun. Òótọ́ ni èyí nínú agboolé. Níbẹ̀, ìyá àgbà yóò wo ojú àlejò, yóò sì mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá. Bí omi bá tán, ọmọdé yóò sáré lọ sí ilé kejì. Àwọn ará ilé ni wọ́n ń túmọ̀ irọ́ ọ̀wọ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń bá a ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀-ilé, kò sí ìyá àgbà, kò sí ilé kejì. Ohun tí a bá sọ ni a ó gbà gbọ́.

Èkejì, ta ni ó ń san gbèsè irọ́ náà? Gbèsè tí òwe wa sọ, onílé ni ó jẹ ẹ́, òun náà ni yóò san án. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi, ẹlòmíràn ni ó fi ìrìn òru san án. Irọ́ tí a fi ẹrù rẹ̀ lé orí ẹni tí a ní a ń bọ̀wọ̀ fún kò lè jẹ́ ọ̀wọ̀. Irọ́ onílé pàápàá kò mọ́ tán: ó gba àǹfààní àtiṣe ọmọlúàbí lọ́wọ́ àlejò. A máa ń wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni ó fi aṣọ bo ojú náà?

Ẹ̀kẹta, a lè bẹ̀rù pé bí onílé bá ní omi kò tó, bí ẹni ń lé àlejò ni yóò rí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ní ọ̀nà ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ara mi yá tán, ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́ẹ̀gì lé mi lọ́wọ́, ó ní, 'Àbúrò, ìwọ ni o ni omi lónìí.' Kò sí ẹ̀yẹ tí ó dùn mọ́ mi bí èyí nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Ọjọ́ náà ni mo kúrò ní àlejò, tí mo di ọmọ ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà lórí òkè òkèèrè nìkan ni èyí. Yàrá kan tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ọkọ̀-ilé tí kò ní táyà ni. Agboolé ti fọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n irọ́ tí agboolé ń bá wa rù kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Nínú kíláàsì pàápàá, bí mo bá béèrè pé, 'Ṣé ó yé yín?' ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń dáhùn pé, 'Ó yé wa, sà.' Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Ọjọ́ ìdánwò ni àgbá máa ń gbẹ.

Ní tèmi, n kò ní kí á sọ òwe àwọn baba wa nù. Kí onílé máa jẹ gbèsè tí òun nìkan lè san, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kan ẹ̀mí, tàbí tí ẹlòmíràn yóò bá wa san, kí á sọ ọ́ ní ọ̀sán. Láti ìgbà náà, bí kíláàsì bá ní ó yé àwọn, n kì í kọjá lọ mọ́. Mo máa ń pe ẹnìkan jáde kí ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.