Òdòdó Tí Ń Rùn Bí Òkú Ẹran

Ẹ̀kọ́ kíkà: Mátíù 2:9–11, Jòhánù Kìíní 4:1

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kan kọ́ ọgbọ́n. Ní ilẹ̀ gbígbẹ ìhà gúúsù Áfíríkà, ewéko kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Stapelia gigantea. Igi rẹ̀ rọ̀, ó ní igun mẹ́rin, ó sì fa omi pamọ́ sínú de ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá tanná, ó di ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún, aláwọ̀ ìyeyè tí ìlà pupa wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Òmíràn fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ.

Ó wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn, ẹ óò di imú. Òórùn òkú ẹran ni! Eṣinṣin á ní oúnjẹ ọmọ òun dé, á bà lé e, á yé ẹyin sí i. Bí ẹyin bá di ìdin, ìdin kò ní rí ẹran jẹ, wọ́n á kú. Òdòdó ní tirẹ̀ ti rí ohun tó ń wá: eṣinṣin ti bá a gbé irú akọ lọ sára òdòdó mìíràn, kí ó lè so.

Ará, a kò dá òdòdó lẹ́bi. Bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn. Àwa ńkọ́? Ibà mú ọmọ, aríran kan yọ bí ìràwọ̀, ó ní kí á mú owó àbẹ́là méje wá, kí á má dé ilé ìwòsàn. Nítorí pé ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ló sọ, a ta àgbàdo inú àká, a bà lé e. Owó dọ́wọ́ aríran, ọmọ ńkọ́?

Ìràwọ̀ tí àwọn amòye tẹ̀ lé mú wọn dé ọ̀dọ̀ Jésù, ó sì dúró níbẹ̀. Ìran tí kò bá mú wa dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, ẹ jẹ́ kí á dán an wò. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbààwẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ bá dókítà; Ọlọ́run náà ló fún un lọ́gbọ́n. Kí àwa aláṣọ funfun má sì di irú òdòdó bẹ́ẹ̀ fún ọmọnìkejì wa.

Olúwa, là wá lójú, kí ọmọ wa má ṣe ṣègbé nítorí àìwòye wa. Àmín. Halelúyà!